Kì í ṣe ìdin: ohun tí "kòkòrò eyín" jẹ́ gan-an, àti ohun tó ń dá a dúró

Bí eyín bá ń dun èèyàn, tí ihò dúdú kan sì yọjú lórí eyín náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu ará ilé: "Kòkòrò ti jẹ ẹ́." Gbólóhùn náà kò burú. Àwòrán tó ń gbé sí wa lọ́kàn ló ń ṣì wá lọ́nà. Ìdin kékeré kan la máa ń rò, tó wọ inú eyín bí kòkòrò ṣe ń wọ inú ẹ̀wà, tó ń gbẹ́ ihò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá ẹni tí yóò fi èéfín lé e jáde, tí onítọ̀hún á sì fi nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ hàn wọ́n nínú abọ́ omi. Ibi yòówù tí nǹkan funfun yẹn ti wá, kì í ṣe inú eyín. Kò sí ìdin nínú eyín tó ní ihò.

Kòkòrò tó wà níbẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó wà lẹ́nu gbogbo wa, títí kan ẹni tó ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Èyí tí àwọn dókítà eyín máa ń dárúkọ jù ni Streptococcus mutans, àmọ́ òun nìkan kọ́. Inú ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ara eyín ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìdọ̀tí náà, ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yín láàárọ̀ kí ẹ tó fọnu: ohun tó bá èékánná wá, tó funfun bí ògì, tó ń yọ̀, òun gan-an nìyẹn. Àwọn kòkòrò yìí kì í jẹ eyín. Ohun tí ẹ bá jẹ ni wọ́n ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ásíìdì ni wọ́n ń yà sílẹ̀. Ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbẹ́ kòkòrò ló ń ba eyín jẹ́, kì í ṣe ẹnu kòkòrò.

Ara òde eyín ló le jù nínú gbogbo ara èèyàn, ó le ju egungun lọ, síbẹ̀ ásíìdì ń tú u. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni pH. Omi lásán wà ní nǹkan bíi 7. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3. Bí ẹnu bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 5.5, kálísíọ́mù, ìyẹn èròjà tó ń mú eyín le, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára eyín. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ṣúgà bá kan ẹnu, a ti débẹ̀. Itọ́ ló ń gbà wá: ó ń ṣan ásíìdì lọ, ó sì ń dá kálísíọ́mù padà sáyè rẹ̀. Àmọ́ itọ́ kì í kánjú. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 60 kó tó tún ẹnu ṣe tán.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo awakọ̀ méjì tí wọ́n ra ìgò mínírà kan náà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Èkíní fi tirẹ̀ ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì sọ́nà ọ̀fun, ó mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi omi yọ ẹnu, ó gbéra. Èkejì gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dá a dúró, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á dé e padà, títí aago méjì ọ̀sán. Ṣúgà kan náà ló wọ inú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni eyín èkíní wọ inú ásíìdì, itọ́ sì ti tún un ṣe kí aago mọ́kànlá tó kọjá dáadáa. Ti èkejì, gbogbo ìgbà tó bá fà á ni iṣẹ́ itọ́ ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ó lé ni eyín rẹ̀ fi wà nínú ásíìdì. Bí ẹ bá sì bi í, "ìgò kan ṣoṣo ni mo mu" ni yóò sọ, kò sì parọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bí ṣúgà yín ṣe pọ̀ tó lójúmọ́, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tó ń kan ẹnu yín. Súwíìtì tí a ń fi sẹ́nu kí oorun má baà kùn wá lójú ọ̀nà, tíì aládùn tí a ń mu díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bíṣíkíìtì tó wà lábẹ́ káńtà tí ọlọ́jà ń bu jẹ láti àárọ̀: àwọn wọ̀nyí léwu fún eyín ju àkàrà òyìnbó kan tí ẹ jẹ níbi ìgbéyàwó lọ. Bí ẹ ó bá jẹ nǹkan dídùn, ẹ jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ fi omi yọ ẹnu. Láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, omi ni kí ẹ máa mu.

Iye rẹ̀ náà ṣe pàtàkì o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti oyin àti omi èso, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́. Fún àgbàlagbà, èyí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50, ìyẹn ṣíbí ìpo-tíì 12. Wọ́n ní bó bá lè dín sí ìdajì, ìyẹn ṣíbí mẹ́fà, ó tún sàn jù. Ẹ yí ìgò ohun mímu yín sẹ́yìn kí ẹ ka iye ṣúgà tó wà nínú mílílítà 100. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10, tí ìgò náà sì jẹ́ 50cl, ẹ ti mu gíráàmù 50 tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọjọ́ yẹn ti parí, ẹ kò tíì fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mímu.

Oúnjẹ tó ń lẹ̀ mọ́ eyín burú ju bí ahọ́n ṣe rò lọ. Bíṣíkíìtì, ṣinṣín, púfúpúfù àti búrẹ́dì rírọ̀ máa ń di bí ẹ̀kọ sínú kòtò eyín ẹ̀yìn, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Kòkòrò ń rí jẹ nínú wọn bó ṣe ń rí jẹ nínú ṣúgà. Ohun tó ń ṣe eyín lóore pọ̀ lọ́jà wa, kò sì wọ́n jù: ẹ̀pà sísun tí kò ní ṣúgà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja kékeré tí a ń jẹ tegungun tegungun, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri. Wàrà yẹn yẹ lẹ́ni tí a ń pọ́n lé. Kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní ṣúgà àfikún, ó sì ń mú itọ́ jáde, nítorí náà bí a bá jẹ ègé kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń bá wa pa ásíìdì kú. Obì ńkọ́? Obì ń sọ eyín di pupa rẹ́súrẹ́sú, àmọ́ àwọ̀ kì í ṣe ìdíbàjẹ́. Eyín tó pọ́n nítorí obì lè le ju eyín tó funfun bí ìwé lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò kòkòrò kankan kí wọ́n tó tú eyín, torí pé ásíìdì ti wà lára wọn: ọsàn, agbálùmọ̀, sóbò, mínírà gbogbo títí kan èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹni tó jẹ agbálùmọ̀ mẹ́fà léra wọn mọ bí eyín ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má jẹ ẹ́ nígbà tó bá dé. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ dìde níbẹ̀ kí ẹ lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ásíìdì ti mú ojú eyín rọ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á sì máa gé e lọ. Ẹ fi omi yọ ẹnu dáadáa, kí ẹ dúró fún wákàtí kan. Bí èébì bá gbé aboyún láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kó ṣe: omi ni kó kọ́kọ́ fi yọ ẹnu, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì.

Fífọ ẹnu: alẹ́ ni ojúlówó rẹ̀

A ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í kí àgbà láàárọ̀ láìfọnu. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ó sì dára, àmọ́ ó ti mú kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé nítorí òórùn ẹnu la ṣe ń fọ eyín. Bó bá jẹ́ nítorí ihò àti èrìgì (ẹran tó di eyín mú) ni, fífọ alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá ti sùn, itọ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kò sì sí ohun tí yóò ṣan ásíìdì lọ. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà alẹ́, tó fi mọ́ọ̀tì lé e, tó sì sùn bẹ́ẹ̀, ti gbé odindi òru fún kòkòrò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí ẹ fọ eyín. Bó bá sì máa jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nítorí àárẹ̀, ẹ mú ti alẹ́.

Ọṣẹ ìfọyín (àwọn àgbà kan ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní mákílìn, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀) ní ohun kan tó yẹ kí ẹ wá lára páálí rẹ̀: fluoride. Wọ́n lè kọ ọ́ bíi "sodium fluoride" tàbí "sodium monofluorophosphate", pẹ̀lú nọ́ńbà tí "ppm" tẹ̀ lé. Fún àgbàlagbà, kí nọ́ńbà náà wà láàárín 1350 sí 1500. Fluoride ń bá itọ́ dá kálísíọ́mù padà sára eyín, ó sì ń mú kí ibi tó ti fẹ́ rọ̀ tún le sí i. Ọṣẹ tó jẹ́ kìkì ewé àti egbò, tí kò ní fluoride, lè mú ẹnu ta sánsán, àmọ́ iṣẹ́ yìí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èédú ṣe, tó ń ṣèlérí eyín funfun báláú, ń ha eyín ni. Bí ojú òde bá ti tín-ín-rín, ìpele aláwọ̀ ìyeyè tó wà nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, eyín á sì wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ "soft" sí ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé èyí tó le ló ń tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn, bí ẹni ń fi kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí eyín rọ̀, kò nílò agbára. Ohun tó nílò ni kí irun búrọ́ọ̀ṣì dé ibi tó wà. Ibẹ̀ sì ni ìdí eyín, níbi tó ti wọ inú èrìgì. Ẹ da búrọ́ọ̀ṣì dagẹ̀rẹ̀ kí ìdajì irun rẹ̀ wà lórí eyín, kí ìdajì wà lórí èrìgì. Ẹ máa mì ín jẹ́jẹ́ lójú kan, lórí eyín méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó sún síwájú. Ẹ ṣe ìta, ẹ ṣe inú lọ́hùn-ún níhà ahọ́n, ẹ ṣe orí tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ẹ pín ẹnu sí mẹ́rin, kí ìdá kọ̀ọ̀kan gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì líle wọ́ eyín lọ wọ́ ọ bọ̀ bí ayùn, ẹ wo ìdí eyín rẹ̀: ẹ ó rí ibi tó ti jẹ wọlé bí igi tí wọ́n ń fi àáké gé, níbi tí omi tútù ti ń gún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ tu ọṣẹ dànù, ẹ má fi omi yọ ẹnu. Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, torí omi ife kan ni wọ́n ti ń dà sẹ́nu látìgbà èwe. Omi yẹn ló ń kó fluoride lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ tu itọ́ títí ẹnu á fi fúyẹ́, ó tó. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí pákò mọ́ lára kò ní láti jù ú nù. Orín ata, pákò ìjẹ̀bú, orín àyán: gbogbo wọn lè fọ eyín dáadáa bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n lò, oje àwọn kan nínú wọn sì ń dín kòkòrò kù. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi di bí irun búrọ́ọ̀ṣì, kó má ṣe ju ìka kan lọ ní fífẹ̀. Láti èrìgì sí ẹnu eyín ni kí ẹ máa fà á, eyín kan lẹ́yìn òmíràn, kì í ṣe lọ sọ́tùn-ún lọ sósì. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ gé orí tí ẹ ti lò dànù. Àléébù pákò jẹ́ méjì. Èkíní, ó ṣòro kó dé inú lọ́hùn-ún eyín ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń lò ó fún ogún ọdún, iwájú á máa dán, ẹ̀yìn á ti kún fún ìdọ̀tí. Èkejì, kò ní fluoride tó ń ṣiṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe. Pákò láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lálẹ́: ètò yìí bá ọ̀pọ̀ ilé mu.

Àárín eyín sí eyín, búrọ́ọ̀ṣì kì í débẹ̀. Tutupíìkì ń yọ ẹran tó há, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ń tì í wọlé tipátipá, ó ń gún èrìgì. Òwú ìfọyín, tí wọ́n ń pè ní dental floss, ló tọ́. Ẹ já a bí 45cm, ẹ we é mọ́ ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ mú un wọ àárín eyín jẹ́jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín kan kí ẹ fà á sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ tó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lórí búrọ́ọ̀ṣì, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yẹra fún ibẹ̀. Òdìkejì ló yẹ. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni èyí tí ìdọ̀tí ti wà lẹ́bàá rẹ̀ pẹ́, tó ti wú, tó ń bá kòkòrò jà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ìdọ̀tí á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó yẹ kó dín kù gidigidi. Bí kò bá dín kù, ìdọ̀tí náà ti di òkúta.

Bó ṣe ń di òkúta nìyí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kálísíọ́mù inú itọ́ á wọ inú ìdọ̀tí tí a kò fọ̀, á sì le bí ìyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù omi. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pọ̀ jù, torí pé ẹnu ibi tí itọ́ ń gbà jáde wà lábẹ́ ahọ́n níbẹ̀. Ẹ fi ahọ́n kàn án: bó bá rí gbágungbàgun, tí ẹ kò mọ àlàfo àárín eyín kan sí èkejì, ó ti wà níbẹ̀. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tàbí ọṣẹ tó lè yọ ọ́ mọ́, ilé ìwòsàn eyín ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, á máa wọ abẹ́ èrìgì lọ, egungun tó di eyín mú á máa jẹ, títí eyín tí kò ní ihò kankan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kì í sábà dùn títí á fi bàjẹ́ gan-an.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé, "Wọ́n fọ eyín mi ní ọsibítù, wọ́n bá là á sí méjì, ó wá ń mì." Òkúta yẹn ló ti dí àlàfo náà. Èrìgì ti sá kúrò níbẹ̀ tipẹ́, òkúta ló gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ni àlàfo wá hàn. Omi tútù lè máa gún eyín fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, á sì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fítámìnì C tí a ń lá bíi súwíìtì wo èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àìtó fítámìnì C lè mú kó ṣẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń jẹ ọsàn, ata tútù àti ẹ̀fọ́ kì í sábà ní irú àìtó yẹn. Ásíìdì ni fítámìnì náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń lá a lójoojúmọ́, ẹ ń fi ọwọ́ ara yín tú eyín.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí èrìgì wọn nílò àmójútó ju ti ẹlòmíràn lọ. Aboyún ni àkọ́kọ́: àyípadà inú ara rẹ̀ ń mú kí èrìgì tètè wú, nítorí náà ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti mú un ṣẹ̀jẹ̀. (Pé ọmọ inú ń fa kálísíọ́mù kúrò lára eyín ìyá rẹ̀, eyín kan fún ọmọ kan, kì í ṣe òótọ́.) Èkejì ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ kí àrùn èrìgì gbilẹ̀, àrùn èrìgì náà sì ń jẹ́ kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi amlodipine tàbí nifedipine. Ó lè mú kí èrìgì àwọn kan máa wú bo eyín. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín; ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún yín, torí pé òmíràn wà tó lè fi rọ́pò.

Ti ọmọdé

Eyín àkọ́hù jẹ́ 20. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó sì ń pé ní ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. "Á ṣáà ká, a ó sì jù ú sórí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i," ni ọ̀pọ̀ òbí ń wí, ni wọn kì í fi í fọ̀. Àmọ́ eyín ẹ̀yìn nínú àwọn wọ̀nyí kì í ká títí ọmọ yóò fi pé ọdún 10 sí 12, òun ló sì ń di ààyè mú fún èyí tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí ọmọ wà ní ọdún márùn-ún, àwọn tó yí i ká á sún wọ àlàfo náà, ti àgbà á wá hù wọ́gọwọ̀gọ.

Ní kété tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni kí fífọ bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ọṣẹ tó tó hóró ìrẹsì kan lórí búrọ́ọ̀ṣì. Láti mẹ́ta sí mẹ́fà, tó hóró ẹ̀wà kékeré kan. Àwòrán tó wà lára páálí, níbi tí ọṣẹ ti dùbúlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì dé òpin, ọjà ni wọ́n fi ń tà. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́ fún un títí yóò fi tó ọmọ ọdún méje, torí ọwọ́ tí kò tíì lè so okùn bàtà kò lè fọ ẹ̀yìn eyín. Ẹ má fi fíídà tí ògì oníṣúgà tàbí tíì wà nínú rẹ̀ sẹ́nu ọmọ sùn. Eyín iwájú òkè ni yóò kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún méjì ni.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá mẹ́rin á yọ lẹ́yìn gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, eyín kankan kò sì ní ká fún wọn. Òbí kì í mọ̀ pé ti àgbà ni. Àkọ́hù ni wọ́n ń pè é. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ jù, torí kòtò orí rẹ̀ jìn. Ẹ tan iná fóònù sẹ́nu ọmọ yín kí ẹ kà wọ́n.

Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà gbígbóná kì í ṣe iṣẹ́ eyín híhù. Ọmọ tó ń hu eyín ń da itọ́, ó sì ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu. Ohun tó kì bọ ẹnu yẹn ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ní 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní Nàìjíríà ní májèlé diethylene glycol nínú, ó sì pa ju ọgọ́rin ọmọ lọ. Tetracycline náà, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, kí aboyún má sì lò ó: ó ń wọ inú eyín tó ṣì ń dàgbà, á sọ ọ́ di ìyeyè tàbí eérú, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè yọ ọ́ láéláé.

Bó bá ti ń dùn

Ara òde eyín kò ní ìmọ̀lára. Ihò lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n funfun bí ẹfun nítòsí èrìgì. Ní ìpele yìí, fluoride àti dídín ṣúgà kù ṣì lè tún un ṣe. Bó bá ti di ihò, kò lè padà mọ́, dókítà eyín á gbẹ́ ibi tó jẹrà, á sì dí i. Bó bá dé ibi tí omi tútù àti ṣúgà ti ń gún un, ẹ ṣì wà ní ìpele dídí. Bó bá wá ń dùn fúnra rẹ̀ lóru, tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ó ti dé ibi tí iṣan wà. Wọ́n lè fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ kí wọ́n dí i, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Iye owó ìpele kọ̀ọ̀kan ń ju ti èyí tó ṣáájú lọ, àfi yíyọ, tó dà bíi pé ó rọrùn títí ẹ ó fi béèrè iye eyín àtọwọ́dá.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ààbọ̀ ṣíbí ìpo-tíì iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ kan dára láti fi yọ ẹnu. Kànáfùrù ń mú kó kú rì fún ìgbà díẹ̀, kò wò ó sàn. Àgbàlagbà lè lo parasitámọ́ọ̀lù 500mg méjì, kó jẹ́ wákàtí mẹ́fà sí ara wọn, kó má kọjá mẹ́jọ lóòjọ́. Omi bátìrì, kẹrosíìnì, àsípírínì tí a lọ̀ sórí èrìgì: gbogbo wọn ń jó ẹran ẹnu, wọn kì í pa ìrora. Kápúsùlù tí a ṣí, tí a da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú ihò, kò ṣe nǹkan kan. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu kò là dáadáa tàbí tí itọ́ ṣòro láti gbé mì, ọsibítù ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, torí wíwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí.

Yíyọ eyín òkè kì í fọ́ ojú. Ọ̀nà iṣan ojú yàtọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ gé òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún wákàtí 24, ẹ má yọ ẹnu, ẹ má máa tu itọ́ lemọ́lemọ́, ẹ má fi sitúróò fa nǹkan mu, ẹ má mu sìgá: ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn ni ìbòrí rẹ̀, bó bá sì ṣí kúrò, ìrora ọjọ́ kẹta á ju ti kí wọ́n tó yọ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ omi iyọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn eyín tó kù, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n.